Ìyanṣẹ́lódì Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ọdún 1945

Kí òyìnbó tó dé, Yorùbá kò mọ ohun tí ń jẹ́ owó oṣù. Àgbẹ̀ a máa bẹ ọ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ a máa ṣe àáró, ẹni tí ó bá sì yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà títí yóò fi san gbèsè náà. Alágbàro wà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú ni òun àti olóko fi ń wo ara wọn nígbà tí wọ́n bá ń dá iye owó. Nínú gbogbo ètò wọ̀nyí, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ mọ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ní oko tirẹ̀ tí yóò padà sí. Ìjọba amúnisìn ni ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jọ sábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo tí wọn kò lè fojú kàn, tí ń san owó fún wọn lóṣooṣù tàbí lójoojúmọ́. Ẹni tí ó fi oko baba rẹ̀ sílẹ̀ tí ó wá ṣe lébìrà ní rélùwéè ní Èkó, owó ni yóò fi ra gàrí tí yóò jẹ, owó ni yóò fi san ilé tí yóò sùn. Bí gàrí bá wọ́n tí owó iṣẹ́ kò sì kúrò lójú kan, ebi dé nìyẹn. Nínú ọ̀rọ̀ tí kò ta kókó yìí ni ìyanṣẹ́lódì ńlá ti ọdún 1945 ti jáde.

Kì í ṣe ọdún náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́kọ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn òṣìṣẹ́ P.W.D., ẹ̀ka ìjọba tí ń la ọ̀nà tí ó sì ń kọ́ ilé, kọ̀ láti lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Gómìnà McCallum ni ó fẹ́ yí wákàtí iṣẹ́ wọn padà, tí ó sì ní i lọ́kàn láti dín owó wọn kù. Ó rò pé àwọn lébìrà tí kò mọ ìwé kò lè pa ohùn pọ̀. Wọ́n pa ohùn pọ̀, gómìnà náà sì ní láti bá wọn ṣe àdéhùn. Lẹ́yìn èyí ni àwọn akọ̀wé ìjọba dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1912, àwọn olùkọ́ sì dá Nigeria Union of Teachers sílẹ̀ ní 1931. Ní ọdún 1931 yìí kan náà, nígbà tí ọ̀dá owó bo gbogbo ayé, ìjọba sọ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ilé àtúnṣe ọkọ̀ ojú irin di ẹni tí a ń san owó fún ní wákàtí wákàtí. Wákàtí tí òjò bá fi dá wọn dúró, tiwọn ni àdánù rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè dìde láti inú ìrora yìí, kò sì yani lẹ́nu pé àwọn ni wọ́n di iwájú ogun nígbà tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀ ní 1945. Òfin tí ó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ jáde ní 1938.

Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1939. Ọkọ̀ òkun tí ń kó aṣọ, iyọ̀, ẹja inú agolo àti irin wá kò fi bẹ́ẹ̀ wá mọ́, nítorí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nílò wọn fún ogun. Nígbà tí Jàpáánù gba àwọn ilẹ̀ Ìlà Oòrùn Éṣíà ní 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá gbójú lé epo pupa, ẹ̀kùrọ́ àti rọ́bà Nàìjíríà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn sójà pọ̀ ní ìlú, oúnjẹ ni wọ́n sì ń jẹ. Gbogbo rẹ̀ para pọ̀ sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí a bá fi àpẹẹrẹ ṣe é: ẹni tí ń gba ṣílè méjì lóòjọ́, bí ohun tí ó ń rà ní tọ́rọ́ bá di sísì, ṣílè méjì rẹ̀ ti di ṣílè kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ge é. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ fi máa ń sọ pé ọjà jí owó òun gbé.

Ní ọdún 1941, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè tò láti Èbúté Mẹ́ta lọ sí ilé ìjọba ní Èkó láti fi ẹ̀hónú hàn sí Gómìnà Bernard Bourdillon. Ẹni tí ó ṣíwájú wọn ni Michael Imoudu, ọmọ ìlú Ọ̀rà ní ẹkùn Benin. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ a máa wọ àwọn òṣìṣẹ́ lára, ẹ̀rù òyìnbó kì í sì í bà á. Ìrìn náà so èso. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti yẹ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ́n ọjà wò, ní ọdún 1942 ni a sì fi àjẹmọ́nú ọ̀wọ́n ọjà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí COLA, kún owó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Gómìnà tún ṣe ìlérí pé bí ọjà bá tún wọ́n sí i, ìjọba yóò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí ìlérí yìí wà ní ìrántí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ìjà náà wá dúró lé.

Ṣùgbọ́n bí ìjọba ti fi ọwọ́ kan fún wọn, bẹ́ẹ̀ ni ó fi ọwọ́ kejì gbà á. Òfin ogun sọ ìyanṣẹ́lódì di èèwọ̀ ní 1942. Ní oṣù kìíní ọdún 1943, wọ́n yọ Imoudu níṣẹ́, wọ́n mú un kúrò ní Èkó, wọ́n sì sé e mọ́ ẹkùn Benin, ní Auchi. Ọjà tún wọ́n sí i; ìlérí gómìnà kò ṣẹ.

Ní àkókò yìí, ìjọba ní àlàyé kan tí ó dà bí òtítọ́. Wọ́n ní àwọn obìnrin ọjà ni wọ́n ń kó oúnjẹ pa mọ́ tí wọ́n sì ń tà á ní àtàkúdórógbó. Ọ̀gágun kan tí ń jẹ́ Pullen ni wọ́n fi ṣe olùdarí ètò oúnjẹ ní Èkó. Ó dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa ta gàrí, ìrẹsì, ẹ̀wà àti àwọn oúnjẹ mìíràn, ìjọba fúnra rẹ̀ sì ṣí ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Iye tí ó dá kéré sí iye tí àwọn alájàpá fi ń kó gàrí wọ Èkó láti Ìjẹ̀bú àti ibòmíràn, kí a má tilẹ̀ sọ owó ọkọ̀. Ẹni tí ó bá tà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ń dúró dè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ọjà lè retí ni ó ṣẹlẹ̀: gàrí sá kúrò lórí àtẹ, ó lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì wọ́n sí i.

Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó tí ó ń ta ẹja ní ọjà Eréko, ni ó dìde sí ètò yìí. Pelewura kò mọ̀-ọ́n-kọ, kò mọ̀-ọ́n-kà, ṣùgbọ́n ó ti bá ìjọba fà á nítorí owó orí àwọn obìnrin kí ogun tó dé. Wọ́n fi owó oṣù lọ̀ ọ́ kí ó lè bá ìjọba ṣe ètò iye ọjà náà, ó kọ̀. Ohun tí ó jẹ́ pàtàkì níhìn-ín ni pé ìjọba ti fẹ́ fi òṣìṣẹ́ àti ìyá ọjà kọ ara wọn. Bí òṣìṣẹ́ bá gbà pé ìyá ọjà ni ó fa ebi òun, kò ní í bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ COLA mọ́. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ti kọ lórí ìyanṣẹ́lódì ọdún 1945 kò kọbi ara sí èyí. Wọ́n máa ń sọ ti Imoudu, wọ́n máa ń sọ ti Azikiwe, wọn kì í sọ ti àtẹ gàrí.

Ní oṣù kẹta ọdún 1945, àpapọ̀ ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kọ ìwé sí ìjọba. Ohun méjì ni wọ́n béèrè: kí a fi ìdajì kún COLA, kí owó iṣẹ́ òòjọ́ tí ó kéré jù sì jẹ́ ṣílè méjì àti sísì. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 nínú oṣù yóò gba pọ́n-ùn mẹ́ta àti ṣílè márùn-ún. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ní Èkó nígbà náà mọ̀ pé kì í ṣe owó fàájì.

Èsì ìjọba dé ní oṣù karùn-ún. Wọ́n ní bí àwọn bá fi owó kún owó nígbà tí ọjà kò pọ̀, ọjà yóò kàn tún wọ́n sí i ni, òṣìṣẹ́ kò sì ní í rí àǹfààní kankan. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn dín ohun tí wọ́n ń rà kù, tàbí kí wọ́n wá ohun mìíràn fi rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ sí àlàyé yìí, nítorí kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ní ti aṣọ Máńṣẹ́sítà tàbí ẹja inú agolo, bí owó bá pọ̀ tí ọjà kò sì dé, owó ọjà yóò fò sókè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gàrí kò ti òkè òkun wá. Kí ni lébìrà yóò fi rọ́pò gàrí? Ohun tí ó sì bí àwọn òṣìṣẹ́ nínú jù ni pé àwọn òyìnbó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìjọba ti rí àjẹmọ́nú tiwọn gbà. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé owó wọn yóò sọ ọjà di ọ̀wọ́n.

Àwọn òṣìṣẹ́ dá ọjọ́ fún ìjọba: bí ó bá fi di ọjọ́ Thursday, ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, tí wọn kò rí èsì rere, wọn yóò wá ọ̀nà àbáyọ fún ara wọn. Jámánì ti túúbá ní oṣù karùn-ún, ṣùgbọ́n Jàpáánù ṣì ń jà, nítorí náà òfin ogun ṣì wà nílẹ̀. Láàárín àkókò yìí gan-an ni ìjọba dá Imoudu sílẹ̀. Ọjọ́ kejì oṣù kẹfà ni ó padà wọ Èkó, èrò sì tú jáde láti pàdé rẹ̀ bí ẹni ń pàdé jagunjagun tí ó ti ojú ogun bọ̀. Bí ìjọba bá rò pé ìdásílẹ̀ rẹ̀ yóò tu àwọn òṣìṣẹ́ lójú, wọ́n ṣi ìṣirò.

Bí ọjọ́ tí wọ́n dá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn kan nínú àwọn aṣáájú àpapọ̀ ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Wọ́n fẹ́ sún ọjọ́ náà síwájú. Wọn kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀ dandan. Akọ̀wé àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn, wọ́n mọ òfin ogun, wọ́n sì mọ̀ pé ìfẹ̀yìntì ogún ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni ní òru ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ kò gbà. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ti P.W.D., ti pósófíìsì àti wáyà, ti ọkọ̀ ojú omi àti ti ilé ìtẹ̀wé ìjọba. Iye tí ọ̀pọ̀ òpìtàn fẹnu kò lé lórí ni ẹgbẹ́ 17 àti òṣìṣẹ́ tí ó ju 30,000 lọ. Àwọn kan tilẹ̀ kà á ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Láti ìgbà tí irin rélùwéè ti dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì ti dé Kano ní 1912, ojú irin ni ẹ̀pà, awọ, tánńganran àti ẹran màlúù fi ń dé etíkun. Gbogbo rẹ̀ dúró. Ìyanṣẹ́lódì náà kò sì mọ sí Èkó. Ojú irin tí ń gbé ẹrù náà ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ìbàdàn, Ẹnúgu, Port Harcourt, Zaria àti Kano. Nàìjíríà kò tíì ní ìpàdé kan tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kan tí ó pa àwọn ènìyàn ìhà gbogbo pọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ṣáájú àkókò yìí.

Báwo ni òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa tẹ́lẹ̀ ṣe lè dúró ju oṣù kan lọ láìgba owó? Ìbéèrè yìí ni ó ṣe kókó. Ẹgbẹ́ kò ní àpò ńlá kankan. Ìdáhùn rẹ̀ mú wa padà sí ọjà. Àwọn ìyá ọjà tí ìjọba pè ní ọ̀dájú dá owó sí àpò ìrànwọ́ tí a gbé kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì gbìyànjú pé kí oúnjẹ má wọ́n ju bí ó ti wà lọ. Kì í ṣe àánú nìkan ni ó ṣe é. Òṣìṣẹ́ ni oníbàárà wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà sì ni ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò wọn. Wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ kan náà tí ó di owó oṣù mú ni ó ń dá iye gàrí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: òṣìṣẹ́ lè dá ọkọ̀ ojú irin dúró, ṣùgbọ́n kò lè bọ́ ara rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ni ogun kejì. West African Pilot àti Daily Comet, tí Nnamdi Azikiwe ni, gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́, ìjọba sì fi òfin de méjèèjì ní ọjọ́ 8 oṣù keje. Azikiwe kéde pé àwọn kan fẹ́ pa òun, ó sì lọ fi ara pa mọ́ sí Onitsha. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn mìíràn fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ìjọba sì ní kò sí ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dájú ni pé orúkọ rẹ̀ gbilẹ̀ sí i láti inú ọ̀rọ̀ náà, débi pé àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ni ó pe ìyanṣẹ́lódì. Kì í ṣe òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ ìwé, àwọn ni wọ́n dá ọjọ́, àwọn ni wọ́n sì borí àwọn aṣáájú tiwọn gan-an kí iṣẹ́ tó dúró.

Ìjọba kọ̀ láti dunàádúrà níwọ̀n ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ kò bá tíì padà. Wọ́n halẹ̀ pé àwọn yóò lé wọn. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, ìròyìn dé láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù pé ẹgbẹ́ òṣèlú Labour ti wọlé ìbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn kan kà á sí ọjọ́ 37, àwọn mìíràn sí ọjọ́ 44. Ìyàtọ̀ náà wà nínú pé ibi gbogbo kò padà lọ́jọ́ kan náà. Àdéhùn tí wọ́n fi padà ni pé a kò ní í fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ìyanṣẹ́lódì náà, àti pé ìgbìmọ̀ ìwádìí tí kò ní í ṣe ojúsàájú yóò ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Bí a bá wo bí wọ́n ṣe padà yìí, owó kankan kò tíì wọ ọwọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ni yóò ti rò pé ìjọba ni ó borí.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà, tí Tudor Davies jẹ́ alága rẹ̀, dé, ó gba ẹ̀rí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1946. Ó ní kí a fi ìdajì kún COLA. Ìdajì náà gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ ti béèrè ní oṣù kẹta ọdún 1945, òun náà ni ìjọba sì sọ pé yóò ba ọrọ̀ ajé jẹ́. Ìfòfindíwọ̀n iye oúnjẹ tí Pullen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó náà kásẹ̀ nílẹ̀ kí ọdún 1945 tó parí.

Kí ìtàn má baà dùn ju bí ó ti rí lọ, ó yẹ kí a fi kún un pé ìyanṣẹ́lódì náà ní ẹ̀gún tirẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dúró, oúnjẹ wọ́n ní àwọn ìlú Òkè Ọya tí wọ́n gbójú lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1945, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Jos láàárín àwọn Hausa àti àwọn Ìgbò. Àwọn onímọ̀ kan so ìjà náà mọ́ ọ̀wọ́n oúnjẹ yìí àti ìkùnsínú tí ó dá sílẹ̀ sí àwọn ará Gúúsù tí wọ́n pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìjọba. Ìyanṣẹ́lódì tí ó so òṣìṣẹ́ Èkó pọ̀ mọ́ ti Kano kò so aládùúgbò Jos pọ̀ mọ́ aládùúgbò rẹ̀. Kò sí àpò ìrànwọ́ tàbí Pelewura kan níbẹ̀ tí yóò di ojú àlàfo náà.

Ìjọba náà kò sì kọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní ibi ìwakùsà èédú ìjọba ní Iva Valley ní Ẹnúgu, ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ tún di rògbòdìyàn. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn, awakùsà 21 sì kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 1964, ọdún kẹrin tí Nàìjíríà gba òmìnira, àwọn òṣìṣẹ́ tún yanṣẹ́ lódì jákèjádò ilẹ̀ yìí fún bí ọ̀sẹ̀ méjì nítorí àbọ̀ ìgbìmọ̀ Morgan lórí owó iṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ ilẹ̀ wa ni ó jókòó sórí àga ìjọba. Imoudu ṣì wà láàárín àwọn aṣáájú, irun rẹ̀ ti ń funfun.

Ẹni kan tún wà tí kò yẹ kí a gbàgbé. Hubert Ogunde ṣe ọlọ́pàá rí, ó sì mọ òfin ìjọba láti inú ilé. Lórí ọ̀rọ̀ ọdún 1945 náà ni ó gbé eré kan jáde tí ó pè ní Strike and Hunger, kí ọdún náà tó rọ̀ kúrò lọ́kàn àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó gbé eré náà lọ sí Jos ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá a dúró, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ẹjọ́.